Amọ̀ Oníyọ̀, Ọmọ Méjì, àti Ẹran Ẹlẹ́sẹ̀ Márùn-ún

Ọmọ méjì ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọdún 5, àbúrò ò tíì pé 2. Ẹni tó bá ní irú wọn nílé á mọ̀ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n bá dì mú ni àbúrò fẹ́ gbà, ohun tí àbúrò bá sì gbà, ẹnu ló ń gbé e lọ. Nítorí náà, ìgbà tí àbúrò bá sùn lọ́sàn-án ni àwa máa ń po amọ̀ tiwa. Oorun rẹ̀ tó wákàtí kan ààbọ̀. Bí ẹ bá ti pèsè gbogbo nǹkan sílẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ tó.

Amọ̀ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀. Fùláwà, iyọ̀ àti omi ni. Ẹ ó pò ó títí á fi rọ̀, ọmọ á fi mọ ohun tó bá wù ú, ẹ ó sì jẹ́ kó gbẹ títí á fi le bí àwo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn tán ná. Iyọ̀ inú amọ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí ara ọmọ kékeré lè gbà lọ. Bí ọmọ bá tọ́ ọ lá lẹ́ẹ̀kan, á yínmú, á tu ú dànù, ó parí. Àmọ́ bí ó bá ń bù ú jẹ, ewu wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ní ajá, ẹ má gbé e sí ibi tí imú ajá lè dé, yálà ó tutù tàbí ó ti gbẹ, torí iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè pa ajá. Ọmọ tó bá ṣì ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu, ẹ fún un ní páálí àti ìdérí ìkòkò, kí ó máa lù ú níbòmíràn. Ẹ tún wo ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pò ó: bí ó bá ha níbì kan, iyọ̀ á ta á, ẹkún ni ẹ ó fi parí ọjọ́ náà.

Ìwọ̀n rẹ̀ ò le: fùláwà ife 2, iyọ̀ ife 1, omi tí kò fi bẹ́ẹ̀ tó ife 1. Ife yòówù tí ẹ bá mú, òun náà ni kí ẹ fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ọmọ kan ṣoṣo, ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. Iyọ̀ kúnná ni kí ẹ lò. Iyọ̀ oníhóró máa ń jẹ́ kí ojú amọ̀ rí ṣágiṣàgi. Fùláwà tí wọ́n ti po ohun tó ń mú àkàrà òyìnbó wú mọ́, ẹ fi í sílẹ̀, torí á wú, ojú gbogbo ohun tí ọmọ fọwọ́ tẹ̀ á sì dí padà.

Ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó pe ọmọ. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní kí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wọn fùláwà, torí mo fẹ́ kó kọ́ ìṣirò. Ife kejì ò dé inú abọ́. Mo gbálẹ̀ títí àbúrò fi jí, a ò mọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí, nígbà tí ọmọ bá máa fi gun àga, nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú abọ́ tiwọn, ìwé ìròyìn ti wà lórí tábìlì, àkísà tútù ti wà nítòsí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó da iyọ̀ sórí fùláwà, kí ó rò ó pọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni ọwọ́ mi kì í kúrò lórí wọn. Omi ni àkọ́kọ́. Mo máa ń lo omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí iyọ̀ lè tètè yọ́, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ń dà á. Omi tó kù díẹ̀ ṣeé fi kún, èyí tó bá pọ̀ jù ni yóò mú kí ẹ máa wá fùláwà kiri. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé tábìlì kí ọmọ máa fi ẹ̀ṣẹ́ gún un. Ó nílò bí ìṣẹ́jú 10. Ọmọ ọdún 5 ò lè pò ó fún ìṣẹ́jú 10, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó lè ṣe mẹ́ta, kí ẹ gbà á ṣe mẹ́rin, kí ó tún gbà á padà. Èmi máa ń ka ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀: ogún fún un, ogún fún mi. Bí ó bá ti ń rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí yín, tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí etí rẹ̀ ò sì ń sán nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ti jinná. Ẹ fi àkísà tútù bò ó fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi àkókò yẹn fọ ọwọ́ àti imú.

Nínípọn ni ohun kejì tó jẹ́ tèmi. Amọ̀ tó bá nípọn níbì kan tó sì fẹ́lẹ́ níbòmíràn kì í gbẹ pọ̀. Ibi tó fẹ́lẹ́ á ti sún kì, ibi tó nípọn á ṣì tutù, wọ́n á sì ya ara wọn. Mo máa ń fi pẹ́ńsù méjì sí ọ̀tún àti òsì amọ̀, mo wá ń yí ìgò lórí rẹ̀ títí ìgò á fi jókòó lé pẹ́ńsù méjèèjì. Ibi tí ìgò bá dúró sí, nínípọn rẹ̀ ò ju ti pẹ́ńsù lọ, ìyẹn bíi mílímítà 7, ó sì dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀. Ọmọ pàápàá lè yí ìgò náà láì bà á jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ya àtẹ́lẹwọ́ ọmọ sára amọ̀, ẹ fi abọ́ kékeré gé amọ̀ náà rógódó. Ẹ ní kí ọmọ la ọwọ́, kí ó gbé e lé e jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin fi ìka yín tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ àárín àtẹ́lẹwọ́ náà, torí ibẹ̀ kì í kan amọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ó gbé ọwọ́ sókè tààrà. Bí ó bá wọ́ ọ, kò burú: ẹ ká a jọ, ẹ tún un yí. Amọ̀ yìí lè fara da irú rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ti ọmọ tí kò tíì pé 2 ni ó nira, torí bí ẹ bá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé amọ̀, ńṣe ló máa dì í mú. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ lò. Nígbà tí àbúrò sùn, mo gbé amọ̀ náà lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo yọ ọ́, mo fi omi nu ẹsẹ̀ náà. Kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n di ẹnu mú lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé olè ni a wá jà.

Kí amọ̀ tó gbẹ ni ẹ óò lu ihò okùn. Ẹ fi ìdí bíírò lù ú, kí ó jìn sí etí tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, bàbá wọn ní kò sí wàhálà, ó mú ìṣó wá nígbà tó ti gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ náà pín sí méjì láàárín ìka kejì àti ìkẹta. Ẹ tún fi igi ìtayín kọ ọdún àti iye oṣù ọmọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rò pé ẹ ò lè gbàgbé. Ẹ ó gbàgbé.

Lẹ́yìn àtẹ́lẹwọ́, amọ̀ tó kù, ti ọmọ ni. Ibí ni mo ti ṣàṣìṣe jù. Ẹ̀gbọ́n mọ ilé kan, ilé náà wọ́, mo bá gbà á, mo tún un ṣe, mo fi òrùlé tó dára lé e. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Mo ní kí ó wá wo ilé rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, tiyín nìyẹn." Kò sì tún fọwọ́ kan amọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti ìgbà yẹn, mo máa ń bu amọ̀ tèmi sọ́tọ̀, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Bí ó bá béèrè, mo máa ń fi tèmi hàn án bí a ṣe ń so nǹkan pọ̀: ẹ fi fọ́ọ̀kì ha ojú méjèèjì tí ẹ fẹ́ so, ẹ fi omi kàn án, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bí ẹ bá kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ra láì ha á, yóò dúró lónìí, yóò já lọ́la. Ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹran, kí wọ́n kúrú kí wọ́n sì ki. Ikùn tó bá tóbi ju ẹyin lọ, ẹ yí i padà kí ẹ fi ìdí ṣíbí gbẹ́ inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ. Òòyà, bọ́tìnì, ìdérí ìgò, ewé tó ní iṣan dáadáa, gbogbo wọn ló ń ya àwòrán sára amọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó mọ ẹran ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ọwọ́ ń yún mi. Mo kàn béèrè pé kí ni ẹsẹ̀ karùn-ún wà fún. Ó ní òun ni ẹran náà máa ń gbára lé bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Mo dákẹ́.

Gbígbẹ ni ìkẹta tèmi, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, torí kò sẹ́ni tó ní sùúrù fún un. Bí oòrùn bá wà, ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí, kí ẹ máa yí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ 2 tàbí 3, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yíyí yẹn, ẹ gbé e fún ọmọ bí iṣẹ́; òun ni kì í jẹ́ kó máa béèrè ní wákàtí wákàtí bóyá ó ti gbẹ. Bí ẹ bá ní ààrò ìyan búrẹ́dì, ìwọ̀n 100°C tó, fún bíi wákàtí 2 sí 3. Ẹ fi í sínú rẹ̀ nígbà tí ààrò ṣì tutù, kí ooru máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Èmi ti ju u sínú ààrò gbígbóná rí torí àlejò ń bọ̀, ó wú bí ẹni tí oyin ta.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bí ó bá tutù, omi ṣì wà nínú. Ẹ fi èékánná lù ú: èyí tó gbẹ máa ń dún bí àwo, èyí tí kò tíì gbẹ máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn lu páálí tó rin.

Kíkùn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀dà ọmọdé èyíkéyìí ló dára, bí omi rẹ̀ ò bá ti pọ̀, torí omi ń tú amọ̀ náà padà. Ẹ fún ọmọ ní àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré. Bí ẹ bá gbé méje ka iwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀ ẹrẹ̀. Bí ọ̀dà bá gbẹ, ẹ̀yin fúnra yín ẹ fi fáníìṣì kùn ún tojú tẹ̀yìn, níta, níbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ má fo ẹ̀yìn: iyọ̀ ń fa omi inú atẹ́gùn mọ́ra, ibi tí ẹ bá fò ni yóò ti rọ̀ lásìkò òjò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ láé.

Amọ̀ tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin, ẹ gbé e sínú fíríìjì. A lè lò ó títí di ọjọ́ 3. Yóò ti làágùn díẹ̀, ẹ bu fùláwà sí i. Èyí tó lẹ̀ mọ́ tábìlì, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha á sínú ike ìdọ̀tí. Ẹ má ṣàn án sínú páìpù omi, yóò dí i.

Tó bá ṣẹ́, kì í ṣe òpin rẹ̀. Ẹ po fùláwà díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀ àti omi títí á fi ki bí ẹ̀kọ mímu, ẹ fi kùn ojú méjèèjì, ẹ dì wọ́n mú fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ lálẹ́ ọjọ́ kan láì fọwọ́ kàn án. Ẹran ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún yẹn já bọ́ lórí fèrèsé lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ kan sì kán. Mo ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣáà ti di mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ti lọ gbé abọ́ wá.