Ìyáàlù tó yadi: bí mo ṣe gba ohùn padà nínú DaVinci Resolve lórí Linux

Ìyàwó ń jó, onílù dojú ìyáàlù kọ ọ́, ó ń fi kọ̀ǹgọ́ bá awọ sọ̀rọ̀ kíkankíkan, kọ̀ǹpútà mi sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó bá mọ ìyáàlù mọ̀ pé ariwo kọ́ ló ń pa, oríkì ilé bàbá ìyàwó ló ń kì. Yọ ohùn kúrò níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń bínú sí awọ ewúrẹ́ ló kù.

Iṣẹ́ fídíò òde ni mo fi ń jẹun ní Òṣogbo níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sí Ọláìyá. Ìdáná ni iṣẹ́ ọ̀hún. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sójú kan níwájú alága ìjókòó àti alága ìdúró, mo wá ń fi fóònù méjì tẹ̀ lé ìyàwó àti àwọn onílù kiri. Inú fáìlì fóònù ni gbogbo ìlù wà nígbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

DaVinci Resolve tí Blackmagic Design ti ilẹ̀ Ọsirélíà ń ṣe ni mo fi ń gé fídíò. Ọ̀fẹ́ ẹ̀ ni mò ń lò, torí dọ́là 295 tí wọ́n ń ta Studio, ìyẹn ẹ̀dà olówó ẹ̀, kò tíì sí lápò mi. Debian, ọ̀kan lára àwọn Linux, ló wà lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi. Ọ̀fẹ́ yìí kì í ṣí àwòrán H.264 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kó lè kéré) lórí Linux, bẹ́ẹ̀ H.264 ni àwọn fóònù mi fi ń ya fídíò, nítorí náà a máa ń kọ́kọ́ fi ffmpeg, irinṣẹ́ tó ń yí fídíò padà, sọ fáìlì di DNxHR, irú tí Resolve lè ṣí. Mo ní ìlà kan tí mo ti kọ pamọ́ fún un, mo kàn máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ tẹ́míná láìwojú ẹ̀:

ffmpeg -i idana.mp4 -c:v dnxhd -profile:v dnxhr_sq -pix_fmt yuv422p -c:a copy idana.mov

Ẹ wo ìparí ìlà yẹn. Èmi ò wò ó. Ohun tí "-c:a copy" ń sọ fún ffmpeg ni pé kó má fọwọ́ kan ohùn, kó gbé e bó ṣe bá a. Kámẹ́rà mi ń gba ohùn sílẹ̀ ní PCM, ìyẹn ohùn tí wọn ò fún pọ̀, Resolve sì ń ka PCM wẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí ìlà yìí ò fi ṣe mí ní jàǹbá rí. AAC, ìyẹn ohùn tí wọ́n fún pọ̀, ni fóònù ń lò ní tiẹ̀, Resolve tó wà lórí Linux mi kì í sì í ka AAC. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n to irú fáìlì tó ń ṣí sí. Èmi ni mi ò kà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ffprobe yẹ fáìlì wò, mo rí "Audio: aac" gàdàgbà níbẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò ní láti tún àwòrán yí, torí gígábáìtì kan ni ìṣẹ́jú kan àwòrán ń jẹ nínú DNxHR, gbogbo òru ni ẹ̀rọ mi fi ṣe tàkọ́kọ́. Ohùn nìkan ni mo pààrọ̀:

for f in *.mov; do ffmpeg -i "$f" -c:v copy -c:a pcm_s16le "pcm_$f"; done

Kò pẹ́ rárá. Mo kó wọn wọ Resolve, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó máa ṣeré. Dákẹ́.

Ibi tí mo ti hùwà òmùgọ̀ rèé. Mo ní ọ̀rọ̀ ò sí lára AAC nìyẹn, mo pa gbogbo fáìlì pcm yẹn rẹ́ kí ààyè lè wà lórí dísìkì. Mo yọ Resolve, mo tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo yá sípíkà aládùúgbò. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú padà sí Windows." Mo ní kó lọ bá mi ra gààrí.

Ní Ọjọ́rú, màmá ìyàwó ya wọlé nígbà tí wọ́n ń ti Ọjà Ọba bọ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àyàn yìí yadi ni?"

"Ẹ má bínú mà. Yóò fọhùn."

"Mo náwó fún un lọ́jọ́ yẹn o. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó sọ."

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni iná lọ. Ìwọ̀nba bátìrì inverter ló kù, mo ń wo timeline (ibi tí a ń to fídíò sí nínú Resolve) lásán láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó ti wà níwájú mi láti ọjọ́ kìíní. Fáìlì kámẹ́rà ní àwòrán ohùn lábẹ́ ẹ̀, ó rí gbágungbàgun bí orí òkè. Ti fóònù tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo tẹ ti kámẹ́rà, mítà ń fò sókè sódò, àmọ́ n kò gbọ́ nǹkan kan nínú sípíkà.

Àṣé àìsàn méjì ló ń ṣe é. Ibi tí ìlà ohùn bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, Resolve ò rí ohùn kà nínú fáìlì. Ibi tí mítà bá ti ń fò, ó ti kà á, ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde ló dí. Mo ti wo ọ̀kan sàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èkejì ò jẹ́ kí n mọ̀, ni mo bá da oògùn nù.

YouTube ń kọrin nínú Firefox ní gbogbo àkókò yìí, ohun tó sì tàn mí jẹ nìyẹn. Firefox ń bá PipeWire, ètò tó ń darí ohùn lórí Linux mi, sọ̀rọ̀ tààrà bí ẹni ń bá PulseAudio, èyí tó ṣáájú ẹ̀, sọ ọ́. ALSA, ìpele ìsàlẹ̀ tó ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀, ni Resolve ń bá sọ ní tiẹ̀, afárá kan ló sì yẹ kó so ALSA mọ́ PipeWire, tí wọ́n ń pè ní pipewire-alsa. Nígbà tí mo tún Debian gbé sórí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣa ohun tí mo fẹ́, mo sì fo afárá yẹn. Mo tẹ "aplay -l", mo rí i pé HDMI ni káàdì 0, ihò sípíkà sì ni káàdì 1. ALSA tí kò rí afárá gba ọ̀dọ̀ káàdì 0 lọ, sínú mọ́nítọ̀ mi tí kò ní sípíkà kankan. Ibẹ̀ ni ohùn ń lọ látọjọ́ yìí.

sudo apt install pipewire-alsa
systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber

Mo ti Resolve pa pátápátá, mo tún un ṣí. (Bó bá jẹ́ PulseAudio ló wà lórí ẹ̀rọ yín, libasound2-plugins ni kí ẹ wá.) Alága ìjókòó ló kọ́kọ́ fọhùn láti inú fáìlì kámẹ́rà, ó ń bá ẹbí ọkọ jà lórí owó. Mo tún sáré ìlà pcm yẹn fún fáìlì fóònù, lọ́tẹ̀ yìí mi ò pa nǹkan kan rẹ́ àfi ìgbà tí mo gbọ́ ìlù.

Nígbà tí mo gé e tán, mo gbé e jáde ní MOV, DNxHR àti PCM, mo wá fi ffmpeg sọ ọ́ di ohun tí fóònù màmá lè ṣí:

ffmpeg -i jade.mov -c:v libx264 -crf 20 -pix_fmt yuv420p -c:a aac -b:a 192k idana_pari.mp4

Ẹ má gbàgbé yuv420p yẹn, fóònù púpọ̀ kì í ṣí 422. Màmá gbọ́ ìyáàlù, wọ́n dìde nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jó díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé kí ló ń dún gbìrìgbìrì lábẹ́ ọ̀rọ̀ bàbá ìyàwó. Jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn ni. Òun ni mò ń bá jà nínú Fairlight, ojú ewé ohùn inú Resolve, báyìí.