M35A2 nínú omi jíjìn: ìbéèrè tí mo ti dáhùn títí ó fi sú mi

Láti ìgbà tí ìjì Harvey ti sọ títì Houston di odò ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, tí gbogbo wa sì fojú rí i pé ọkọ̀ ológun àtijọ́ wà lára ohun tó ń kó èèyàn jáde, kò sí ẹni tó ra M35A2, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ológun Amẹ́ríkà, ní gbàǹjo tí kì í pè mí. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ wàyí, kí fóònù mi lè sinmi.

Ìbéèrè: Báwo ni omi ṣe lè jìn tó kí n tó padà lẹ́yìn rẹ̀?

Íǹṣì 30. Íǹṣì 72 tí ẹ̀ ń gbọ́ kiri, ti ọkọ̀ tí wọ́n de gbogbo ohun èlò omi jíjìn mọ́ ni, tiyín ò sì ní in. Ẹ fi ọ̀pá wọn omi náà. Bó bá ń sáré, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá, ì báà ṣe íǹṣì 20.

Ìbéèrè: Bátìrì ńkọ́?

Méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì (volt) 12. Ẹ nu orí wọn, ẹ fi gíríìsì pa á, ẹ dè wọ́n pinpin. Ó tán.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì ń kán láti inú ihò kan nísàlẹ̀ ilé flywheel, wíìlì wúwo tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ṣé kí n dí i pa?

Ẹ dí i kí ẹ tó wọ omi. Ẹ ṣí i bí ẹ bá ti jáde. Ọ́ìlì tó ń jò díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló ń gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹ bá dí i títí ayé, á kún, á sì ta sára kílọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan gbàgbé tirẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ó wá ní kílọ́ọ̀ṣì òun ń yọ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. N ò ì tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ ọ̀hún rí!

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ó kú sáàárín omi. Mo ti ń tẹ sítátà, kò fẹ́ jí.

Àbúrò, ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì yẹn! Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fa omi mu, tí o tún ń tẹ̀ ẹ́, irin inú rẹ̀ ni yóò tẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà ọ́ jáde. Ṣí agolo tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá tutù, nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa tú kí ẹnikẹ́ni tó yí ẹ́ńjìnnì náà. Mẹkáníìkì ló ni ìyẹn.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì inú áàsù mi, irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, ti funfun bíi wàrà. Mo ti pààrọ̀ síìlì, rọ́bà tó ń dí ojú ọ́ìlì, ó tún ṣe é.

Ìyà yìí jẹ èmi náà. Áàsù tó kẹ́yìn pátápátá ni tèmi. Mo tú ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn omi àkọ́kọ́, ohun tó ń dà jáde dà bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n bu mílíìkì sí. Mo pààrọ̀ síìlì ọwọ́ táyà méjèèjì. A tún wọ omi, ẹ̀kọ náà tún dé. Mo lọ bá ẹni tó ta síìlì fún mi jà. Mo ra òmíràn níbòmíràn, mo tún pààrọ̀ èyí tó wà níbi tí ṣáàfù ti wọ inú áàsù. Ẹ̀kọ! Ìyàwó mi ní ṣé ọkọ̀ ni mo rà àbí màlúù, tí mo fi ń fún wàrà ní gbogbo Sátidé.

Ọjọ́ kan tí mo ń fọ abẹ́ rẹ̀ ni ojú mi bọ́ sára kókó kékeré kan lórí áàsù náà, tí mo ti ń pè ní nọ́ọ̀tì láti ọjọ́ yìí. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Abẹ́ rẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀. Abẹ́ ìyẹn, ewé lẹ́ẹ̀kan sí i. Fìlà kékeré tó yẹ kó máa yí lórí rẹ̀ ti gan pa. Ihò ìmí áàsù ni! Gbogbo ìgbà tí àwọn ológun ń kun ọkọ̀ náà ni wọ́n ń kun imú rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wò ó báyìí: ẹ sáré lójú títì, áàsù gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú. Ẹ wá kì í bọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ náà sún kì, áàsù ń wá ibi tí yóò ti mí sínú. Imú ti dí, etí síìlì ló máa gbà. Wọ́n ṣe síìlì láti mú ọ́ìlì mọ́lé ni, kì í ṣe láti lé omi síta. Bí imú náà kò bá sì dí, abẹ́ omi níbẹ̀ ló wà, omi ni yóò fà símú.

Mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí áàsù mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ní. Mo de rọ́bà oníhò sí ipò wọn, mo fà á gba ara férémù lọ sẹ́yìn ilé awakọ̀, mo sì dojú ẹnu rẹ̀ kọlẹ̀ kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà náà dẹ̀ díẹ̀. Áàsù ń lọ sókè sódò, tèmi àkọ́kọ́ le jù, ó fà já láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn omi, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹ wá dẹ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ́ìlì ni omi máa ń sùn sí, òun ni yóò kọ́kọ́ kán.

Ìbéèrè: Bíréèkì ò mú mọ́ lẹ́yìn omi.

Bó bá mú díẹ̀, ó tutù ni: ẹ rọra máa lọ, kí ẹ fẹsẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ títí yóò fi gbẹ. Bí ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bá rì lọ sílẹ̀ pátápátá, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ másítà bíréèkì, ibi tó ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì. Abẹ́ ilẹ̀ ibi tí awakọ̀ jókòó sí ló wà, rọ́bà ìmí tiẹ̀ náà sì ti sábà máa ń já. Ọ́ìlì silicone tí àwọn ológun ń lò níbẹ̀ kì í bá omi pò. Omi á rì sísàlẹ̀, á sì máa mú irin ibẹ̀ dípẹtà. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni bíréèkì ọkọ̀ yìí ní, bó bá lọ, gbogbo táyà ló lọ. Ẹ má tú u fúnra yín, ẹ má sì wà á wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ gbé e sórí tírélà.