Báa ṣe ń lo fọ́ńtì slab serif kí àmì Yorùbá má bàa sọnù lórí bánà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe bánà àti pátákó ṣọ́ọ̀bù l'Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ ka sọ̀rọ̀ slab serif, ìyẹn fọ́ńtì tẹ́sẹ̀ lẹ́tà ẹ̀ nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, tó ń rí bíi póósítà ayé àtijọ́. Ní London ni Vincent Figgins, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé, ti gbé irú ẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1815, nígbà tí póósítà ń gba ìgboro, wọ́n fẹ́ lẹ́tà táa lè rí látòkèèrè. Ìdí nìyẹn tó fi dáa fún bánà tẹ́ni tó wà lórí ọ̀kadà máa kà ní Panseke.

Ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi kọ, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ti ọlọ́jọ́ ìbí. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, ẹ fi fọ́ńtì tí ò lẹ́sẹ̀ kọ ọ́.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni àmì. Mo ṣe bánà AṢỌ ÀDÌRẸ fún ìyá kan n'Ítòkú, fọ́ńtì yẹn ò ní Ṣ, kọ̀ǹpútà wá lọ yá Ṣ lára fọ́ńtì míì, ó tín-ín-rín láàárín àwọn tó sanra, ìyá rí i kí n tó tẹ́ ẹ tán, owó ara mi ni mo fi tún un tẹ̀, ó sì dùn mí gan torí iṣẹ́ wọn lẹ́wà. Àṣé ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó ní Ẹ àti Ọ, torí àwọn ará Vietnam ni wọ́n ṣe fi í sí i, èdè tiwọn ò sì ní Ṣ! Nítorí náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ Ẹ́ Ọ̀ Ṣ Ǹ, ẹ wò ó dáadáa. Alfa Slab One àti Roboto Slab wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Google Fonts, ẹ dán àwọn náà wò bákan náà.

Tí Ṣ ò bá sí, ẹ tẹ S, ẹ mú àmì ìdánudúró fọ́ńtì yẹn gan-an, ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀. Ẹ fàyè sílẹ̀ o, pàápàá lábẹ́ Ẹ, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ nípọn, tí àmì bá ti lẹ̀ mọ́ ọn ó ti parẹ́ nìyẹn, ỌKỌ náà á sì di OKO. Ẹ tún jẹ́ kí ìlà àti ìlà jìnnà síra, kí àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ má lọ gún tòkè lábẹ́. Abẹ́òkúta yìí náà ni òyìnbó ajíhìnrere Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ó pẹ́ táa ti ń to lẹ́tà Yorùbá níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di curves, ìyẹn àwòrán tí ò nílò fọ́ńtì mọ́, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sáwọn atẹ̀wé, torí kọ̀ǹpútà tiwọn lè máà ní fọ́ńtì yẹn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí A4, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ sún sẹ́yìn dáadáa, tẹ́ ò bá rí àmì abẹ́ Ọ, ẹ tún mú un tóbi sí i.