Bí A Ṣe Ń Tọpa Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì Ọmọbìnrin Kí Ọjọ́ Ìkómọ Tó Pé

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, orúkọ tó bá fi Odù tàbí Ọnà bẹ̀rẹ̀ ti sọ irú ilé tó ti wá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó mú un wá kì í sábà lè ṣàlàyé. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló sì wà láàárín ìbí àti ìkómọ, nítorí náà ẹ yanjú rẹ̀ kí àwọn ẹbí tó máa sọ owó sínú omi, kí oníkálùkù tó máa pe tirẹ̀.

Ìrù orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. "-et", "-ette" àti "-ie" sábà máa ń sọ orúkọ di orúkọ ìkẹ́: Jane kékeré ni Janet, Anne kékeré ni Annette. Ẹ má wá ìtumọ̀ Janet, ti Jane ni kí ẹ wá. Èyí tó bá parí sí "-ia" lè jẹ́ orúkọ agbo ilé Róòmù ayé àtijọ́ tí wọ́n yí sí ti obìnrin, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Inú ọ̀rọ̀ Látìn fún arọ ni Claudia ti jáde. Ti Cecilia, afọ́jú. Nítorí pé Cecilia Mímọ́ ni àwọn Àgùdà fi ṣe alágbàwí àwọn olórin, àwọn kan á ní "orin" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi sọ ọmọ nítorí ẹni mímọ́ náà, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kéde ìtumọ̀ tí kò ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ èdè tó ti wá. Hébérù ni Deborah (kòkòrò oyin) àti Rachel (abo àgùntàn). Gíríìkì ni Margaret, Látìn ni Victoria, ìyẹn ìṣẹ́gun. Èdè àwọn ará Jámánì àtijọ́ ni Matilda: agbára lójú ogun. Comfort, Mercy àti Patience kò ní ìdí kankan tó fara sin, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán ni wọ́n. Bí orúkọ bá wà nínú Bíbélì, ẹ ṣí ti Yorùbá wò. Ìṣe 9:36 fi hàn pé Tabita àti Dorka, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Dorcas, ẹnìkan náà ni. Egbin ni Dorcas, ẹranko tí Yorùbá fi ń júwe ẹwà.

Ẹ wá tọ ọ̀nà tó gbà dé. Ẹ jẹ́ ká mú Hannah. "Ojúrere" tàbí "oore-ọ̀fẹ́" ni ní Hébérù, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì, "h" já kúrò, ó di Anna. Látìn gbà á bẹ́ẹ̀. Faransé sọ ọ́ di Anne. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Póòpù láàárín ọdún 1500 sí 1600, tí wọ́n ń ka Bíbélì ní èdè tiwọn, Hannah padà pẹ̀lú "h" méjèèjì. Ní Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892 ni ìjọ ráyè gbilẹ̀, tí orúkọ ìrìbọmi sì wọlé. Ìyáàfin Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1915, Hannah ni "H" tó ṣáájú nínú H.I.D. Jane àti Janet bá Hannah tan: "Ọlọ́run ṣe ojúrere" ni tiwọn.

Bí ìtumọ̀ bá ti dájú, ó yẹ kí orúkọ Yorùbá bá a rìn. Oreolúwa bá Hannah mu dáadáa. Àwọn kan á pa méjèèjì pọ̀ láìwo ìtumọ̀, ìyẹn náà kò burú, àmọ́ kò lárinrin.

Ìkọsílẹ̀ ló kù. Hannah, Hanna, Anna: ẹ mú ẹyọ kan, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ní lẹ́tà ńlá, kí bàbá ọmọ mú ìwé náà lọ síbi ìforúkọsílẹ̀ ìbí, kí ó má fẹnu lásán pè é fún akọ̀wé. Ẹ ka ìwé ẹ̀rí náà kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì. Bí "h" kan bá sọnù níbẹ̀, tí NIN tàbí ìwé WAEC sì gbé e yàtọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó tún un ṣe.