Bí a ṣe ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tí a ó sì fi pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀yọ́ ni Àlùfáà Samuel Johnson wà nígbà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ẹnu àwọn arọ́kin ló sì ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sílùú Òyìnbó fún títẹ̀, ó sọnù lọ́hùn-ún. Àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù ni àbúrò rẹ̀ fi tún un kọ. 1921 ló tó jáde. Èmi kò ní àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí fóònù mi já sí kànga pẹ̀lú ohùn bàbá mi àgbà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹ jẹ́ kó yé ìyá tàbí bàbá pé ará Amẹ́ríkà pàápàá yóò gbọ́ ọ, àti pé ohun tó bá ti jáde kò ṣeé kó padà. Ẹ gba ìdáhùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní "tinú ilé nìyí o," ẹ dá fóònù dúró kíá.

Ẹ pa fáànù, ẹ ti ìpè pa, ẹ sì gbé fóònù lé aṣọ tí ẹ ká. Orí tábìlì, gbogbo bí bàbá ṣe ń fọwọ́ lù ú ni yóò máa dún gbì-gbì. Kí wọ́n dárúkọ ara wọn, agbo ilé àti ọjọ́. Ẹ má sọ pé "ẹ sọ ìtàn Ọ̀yọ́ fún wa." Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ. Ìyá kan nítòsí ọjà Àkẹ̀sán dákẹ́ lọ títí kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò já lu ọ̀rọ̀: orúkọ àbíkú méjì tó ṣáájú wọn ni wọ́n ń rántí.

Irú fáìlì ohùn tí à ń pè ní WAV ló dáa jù. Wákàtí kan lè tó gigabyte kan. Ẹ má fi ohùn WhatsApp gbà á, ó máa ń fún un pọ̀. Ẹ sọ fáìlì lórúkọ láìfi àmì ohùn sí i: 2025-03-14_Oyo_Akesan_01. Inú àlàyé rẹ̀ ni kí àmì ohùn ti pé. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan sí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan sí hard disk nílé ẹlòmíràn, ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀fẹ́ ni archive.org, ilé ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ tẹ Upload, ẹ kọ àkọlé, ọjọ́, èdè àti àlàyé. Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ń kó àwòrán àti ohùn sí, náà dáa, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè mú ohun tó wà níbẹ̀, kódà kó fi tajà, kí àgbà yín mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ kó o sí mẹ́mọ́rì kádì, ẹ kì í bọ rédíò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Wọn yóò gbọ́ ọ tán, wọn yóò sì tún orúkọ tí ẹ ṣì kọ ṣe fún yín.