Bí mo ṣe fi àkókò ìdajì mọ ìgbà tí kúlórínì máa tán nínú táńkì

Táńkì 1,000 lítà ni, omi kànga ló wà nínú ẹ̀, ní Kàbbà níbí. Ohun tí mò ń wá ni wákàtí tí kúlórínì á fi wálẹ̀ dé 0.2 mílígíráàmù nínú lítà kan. Àkókò ìdajì ni àkókò tó máa ń gbà kí kúlórínì tó dín sí ìdajì. Bó bá lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, omi ò ní ààbò mọ́.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo da mílílítà 100 bílíìsì 3.5% sí i, mo sì dé táńkì pa, torí oòrùn máa ń jẹ kúlórínì. Ó yẹ kó fún mi ní 3.5. Àmọ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 2.0 péré ló kù: ẹrẹ̀ àti irin inú omi ti jẹ ìyókù. Ẹ má ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí mọ́ ìṣirò rárá. Ìjẹ àkọ́kọ́ yẹn yára jù, kì í tẹ̀lé òfin ìdajì.

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n: mo fi omi táńkì náà ṣan ìgò kékeré, mo bu mílílítà 10, mo ju hóró oògùn DPD kan, èyí tí wọ́n fi ń wọn kúlórínì, sí i láìfọwọ́ kàn án. Omi á pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Mo fi wé káàdì àwọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí bó bá pẹ́, àwọ̀ náà á yí padà.

Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ tó jẹ́ 2.0 ni mo ti ń kà: wákàtí 6, 1.0. Wákàtí 12, 0.5. Wákàtí mẹ́fà náà ló ń gbà kó tó dín sí ìdajì, ì báà pọ̀, ì báà kéré. First-order nìyẹn. Ká ní ìdajì kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ ni, fọ́múlà yìí ò bá a mu.

t = 6 × log(2.0 ÷ 0.2) ÷ log 2
t = 6 × 1 ÷ 0.301 = wákàtí 19.9

Mo fi orí ṣírò rẹ̀ wò: 0.25 ní wákàtí 18, 0.125 ní wákàtí 24. Àárín wọn ni 0.2 wà, ó bọ́ sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù ni 0.693. Ln, oríṣi log mìíràn, ló ni ín: ln 2 ni 0.693, àmọ́ log 2 ni 0.301. Ẹni tó bá fi sábẹ́ log á rí 8.7, bẹ́ẹ̀ 0.5 ṣì wà níbẹ̀ ní wákàtí 12! Ẹni tó sì pín in dọ́gba, 1.0 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, á rí 10.8. Òun náà ṣì í.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, ẹ má yá 6 mi lò. Omi tiyín ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kẹ́ ẹ sì tún un wọ̀n bí ọyẹ́ bá lọ tí ooru dé, torí ooru máa ń gé ìdajì kúrú.

Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, wákàtí 19.9 bọ́ sí nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ òru. Kó má bàa tán kílẹ̀ tó mọ́, ìrọ̀lẹ́ ni mo wá ń da bílíìsì sí i báyìí.