Bí A Ṣe Ń Yí Káàdì Níbi Ìdíje Magic

Nínú Magic: The Gathering, eré káàdì tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, káàdì tó wà lóòró ṣì wà fún lílò, èyí tí ẹ bá ti lò gbọ́dọ̀ dábùú. Ẹ to ilẹ̀ yín, ìyẹn àwọn káàdì tó ń mú mánà (agbára tí a fi ń sanwó) wá, sọ́dọ̀ ara yín, kí àwọn ẹ̀dá, ìyẹn káàdì tó ń jà, wà níwájú wọn. Bó bá kàn yín, ẹ dá gbogbo ohun tó dábùú padà sóòró kí ẹ tó fa káàdì.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni sísan owó idán, ìyẹn dídábùú ilẹ̀ kí ẹ lè rí mánà lo káàdì tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ni mo ti rí tó kàn fìka ti ilẹ̀ kó dagun díẹ̀. Alátakò ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ti lò ó, àríyànjiyàn á dé, àkókò á sì máa lọ. Ẹ yí i kó dábùú pátápátá, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ rẹ̀ hàn. Ẹ má kó wọn jọ lé ara wọn.

Òfin gbà kí ẹ kọ́kọ́ dábùú ilẹ̀, ṣùgbọ́n mánà tí ẹ ò bá ná yóò ṣòfò bí ìpele eré tí ẹ wà bá parí. Nítorí náà, ẹ dárúkọ idán ná, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ní Island àti Mountain, ilẹ̀ méjì tí mánà wọn yàtọ̀ síra, ẹ ti ro èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀ kí ọwọ́ yín tó kan tábìlì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán, ẹ má dá ilẹ̀ kankan padà sóòró fúnra yín. Àwọn kan a máa fi ilẹ̀ ṣeré bí wọ́n ti ń ronú, wọ́n á dábùú rẹ̀, wọ́n á tún dá a padà. Ẹ jáwọ́ nínú ìyẹn pátápátá.

Ẹ̀dá tó bá lọ kọlu alátakò gbọ́dọ̀ dábùú, àfi èyí tó ní agbára tí wọ́n ń pè ní Vigilance. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lásìkò yín yìí kò lè kọlu ẹnikẹ́ni, àfi tó bá ní agbára tí wọ́n ń pè ní Haste.

Fún ẹ̀dá tí káàdì mìíràn dá sílẹ̀, tí kò ní káàdì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ń lo ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ. Ohun róbótó kò ní òró, kò ní ìbú. Páálí tí ẹ gé, tí ẹ fi báírò kọ orúkọ sí, ló dára jù, kò sì náni lówó. Ẹ má ṣáà fi í sínú ọ̀rá tó jọ ti káàdì yín.

Ẹ má bá alátakò yí káàdì rẹ̀. Bó bá gbàgbé láti dábùú ẹ̀dá tó fi kọlù yín, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Bí èdè àìyedè bá wà, ẹ nawọ́ sókè, ẹ pe adájọ́, kí káàdì wà bó ṣe wà títí yóò fi dé.